Ara, Àrà, Àṣà: Ṣé Jíjẹ́ Ara Ẹni Ló Ń Mú Àṣà Tẹ̀síwájú?

Ìjà bẹ́ sílẹ̀ lórí WhatsApp ẹbí wa lóṣù tó kọjá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, ló gbé fídíò kan síbẹ̀. Ọkùnrin inú fídíò náà ń làágùn, ó ń pariwo pé kí kálukú jẹ́ ara rẹ̀, kí kálukú tún ara rẹ̀ ṣe, nítorí ìlú tí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ bá ti ń jẹ́ ara wọn ni àṣà rẹ̀ ń lọ síwájú. Kò tó wákàtí kan tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi fi fi ohùn ránṣẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́fà gbáko: "Ṣé kí kálukú máa ṣe bó ṣe wù ú lẹ ń pè ní ìtẹ̀síwájú? Àṣà tí àwọn baba wa fi lé wa lọ́wọ́ ńkọ́? Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí náà lẹ ń bà á jẹ́."

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ẹni méjì ti jáde kúrò nínú gúrúùpù. Ìyá mi wá pè mí. Wọ́n ní, "Ìwọ tó o máa ń kọ̀wé, èwo ni òótọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí?"

Èsì tí mo fún wọn rèé, mo kàn fẹ̀ ẹ́ lójú sí i ni. Àwọn méjèèjì tó ń jà ń lo ọ̀rọ̀ kan náà, ṣùgbọ́n nǹkan ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà lọ́kàn wọn. Ọ̀rọ̀ yẹn la ó kọ́kọ́ tú.

## Kí là ń pè ní àṣà gan-an?

Ẹ jẹ́ ká ti ìdí mọ́ínmọ́ín wò ó. Ewé eéran ni ìyá ìyá mi fi ń wé tiwọn. Nígbà tó kan ìyá mi, agolo mílíìkì ni wọ́n ń lò. Ọ̀rá lèmi ń lò, àbúrò mi obìnrin sì ń da tirẹ̀ sínú abọ́ rọ́bà onídèérí. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mọ́ínmọ́ín la sè. Ẹ̀wà tí a bó, tí a lọ̀, tí a po mọ́ ata àti epo, kò yẹ̀. Ohun tí a fi wé e ló yí padà lẹ́ẹ̀mẹta.

Bí àṣà ṣe rí nìyẹn. Kì í ṣe aṣọ òfì àti dùndún nìkan. Gbogbo ọ̀nà tí àwọn ènìyàn kan jọ ń gbà ṣe nǹkan ni, tí wọ́n sì fi ń kọ́ ọmọ wọn: bí a ṣe ń kíni, bí a ṣe ń sìnkú, bí a ṣe ń sọmọ lórúkọ, orin tí a fi ń jó. Apá kan nínú rẹ̀ dúró, apá kan ń yí. Àwọn onímọ̀ kan tilẹ̀ gbà pé inú "ṣà" ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, ìyẹn ohun tí a ṣà, bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà kó tó rẹ ẹ́ sómi. Bí ìyẹn bá tọ̀nà, a jẹ́ pé ọwọ́ kan ló ṣà á nígbà kan, ọwọ́ mìíràn sì lè tún un ṣà. Àwọn baba tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń gbèjà náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn ló ní bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló ń mú babaláwo dífá ọrọọrún.

Ìtẹ̀síwájú àṣà ni kí ọ̀nà yẹn yí padà, kí ayé sì rọrùn tàbí kó dùn sí i fún àwọn tó wà nínú rẹ̀. A ó padà sórí ìyẹn, torí ẹjọ́ rẹ̀ kò rọrùn bó ṣe dún létí.

## "Jẹ́ ara rẹ": ara wo?

Ọ̀rọ̀ inú fídíò yẹn kì í ṣe ọmọ ilé wa, ilẹ̀ Yúróòpù ló ti wá. Ní 1859, John Stuart Mill, ọ̀mọ̀wé ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ pé ibi tí àṣà bá ti jọba lórí gbogbo ènìyàn, tí kò sẹ́ni tó láyà láti ṣe yàtọ̀, ìtẹ̀síwájú á dúró níbẹ̀. Ó nídìí tó fi sọ bẹ́ẹ̀: láyé ìgbà tirẹ̀, ohun tí aládùúgbò máa wí tó láti ba ayé ènìyàn jẹ́. (Bí ẹni pé ti àdúgbò wa yàtọ̀.) Ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ náà tó dé orí fóònù wa, ó ti rù. Ohun tó kù lára rẹ̀ kò ju "ṣe ohun tó bá wù ọ́" lọ.

Èdè wa ní ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ. Láti inú "wà" la ti rí "ìwà". Bí ènìyàn ṣe wà ni ìwà rẹ̀. Síbẹ̀ ìwà kan náà yìí là ń kọ́ ọmọ, òun là ń torí ẹ̀ bá a wí. Lójú àwọn àgbà, kò sí ògiri láàárín ẹni tí mo jẹ́ àti ẹni tí mo kọ́ láti jẹ́. Bí ọmọdé bá ní "bí mo ṣe rí nìyí", wọn á bi í pé: ṣé bí o ṣe máa rí títí lọ náà nìyẹn?

Ẹ tún wá wo bí àmì ohùn ṣe là á sí méjì fún wa: ara àti àrà. Ara ni èmi, bí mo ṣe wà níhìn-ín. Àrà ni ohun tí ẹnì kan dá, tí irú rẹ̀ kò tíì sí, tí ẹni tó rí i ní "háà!" Ara, gbogbo wa la ní in. Àrà, ẹni tó mọ iṣẹ́ ló ń dá a. Ẹni tí kò tíì mọ gángan lù, tó kàn ń lù ú bó ṣe bọ́ sí i lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó máa sọ pé ó ń dárà. Wọn á ní kó gbé ìlù oníìlù sílẹ̀. Ẹni tó ti lù ú fún ogún ọdún lè ṣe ohun tó jọ àṣìṣe, kí gbogbo agbo sì dìde.

Níbí ni "tún ara rẹ ṣe" ti wúlò. Ẹ̀kọ́ṣẹ́ ló ń gbé ènìyàn láti ara dé àrà. Ọkùnrin inú fídíò yẹn fò ó.

## Ṣé àwọn baba wa kò fàyè gba ẹnì kan ṣoṣo ni?

Ọ̀pọ̀ gbà pé láyé àtijọ́, ìlú ló ń gbẹ́gi, ìlú ló ń kọrin, pé ẹnì kan kò já mọ́ nǹkan kan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn òyìnbó ń kó ère wa lọ sí mùsíọ́ọ̀mù wọn, wọn kì í sábà bèèrè ẹni tó gbẹ́ ẹ. "Yorùbá" lásán ni wọ́n ń kọ sídìí rẹ̀. Nílé, orúkọ àwọn agbẹ́gilére wà nínú oríkì.

Ẹ wo Ọlọ́wẹ̀. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n bí i sí ní nǹkan bí 1873, Ìsẹ̀-Èkìtì ló gbé ṣiṣẹ́, ó sì kú ní nǹkan bí 1938. Bí àwọn agbẹ́gi yòókù bá gbẹ́ ènìyàn sára ilẹ̀kùn ààfin, pẹlẹbẹ ló máa ń wà lára pákó. Ti Ọlọ́wẹ̀ yọ síta débi tí orí àwọn mìíràn fi kúrò lára pákó pátápátá, tí wọ́n yíjú padà sí ẹni tó ń bọ̀. Lára ilẹ̀kùn tó gbẹ́ fún ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́, ọba wà lórí ìtẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ń gbé òyìnbó ìjọba bọ̀ wá kí i. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá tó wáyé ní Wembley ní London ní 1924. British Museum fẹ́ ẹ lójú méjèèjì. Ògògà kò tà á; ìtẹ́ ọba tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi gba pàṣípààrọ̀. Ní 1988, nígbà tí Ọlọ́wẹ̀ ti kú ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀ ṣì ki oríkì rẹ̀ fún àwọn olùwádìí: bí ìrókò ti le tó, bí ẹni ń gbẹ́ igbá ló ṣe máa ń rí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ má gbàgbé pé iṣẹ́ ọba ni ilẹ̀kùn náà. Ìlànà wà fún bí ọba ṣe gbọ́dọ̀ hàn nínú igi. Inú ìlànà yẹn ló ti dárà tirẹ̀, ọba ló sì ní àṣẹ láti gbà á tàbí kó kọ̀ ọ́.

## Báwo ni àrà ẹnì kan ṣe ń di ti gbogbo ayé?

Fújì ni n ó fi ṣàlàyé èyí, torí ojú àwọn tó ṣì wà láàyè ló ṣe.

Kí fóònù tó máa ń jí wa, ẹnì kan ní láti jí àwọn Mùsùlùmí lóru nígbà ààwẹ̀ kí wọ́n lè jẹ sààrì. Àwọn ọ̀dọ́ ló ń ṣe é. Wọ́n á gbé ìlù, wọ́n á máa kọrin láti ojúlé dé ojúlé. Wéré ni wọ́n ń pè é, àwọn kan ń pè é ní ajísààrì. Tí ààwẹ̀ bá ti tán, ìlù á padà sórí àjà di ọdún tó ń bọ̀.

Láti kékeré ni Síkírù Àyìndé, tí ayé mọ̀ sí Barrister, ti ń kọ ọ́. Ó ṣiṣẹ́ ṣọ́jà nígbà ogun abẹ́lé. Nígbà tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ológun, tó kó ẹgbẹ́ olórin ńlá jọ, ohun tó ń kọ kì í ṣe orin ìjísààrì mọ́. Fúnra rẹ̀ ló ṣàlàyé ohun tó lù pọ̀: sákárà wà níbẹ̀, àpàlà, jùjú, gúdúgúdú, títí kan háíláìfù. Ìyẹn ni pé kí ó tó lè jẹ́ ara rẹ̀, ó ti gbọ́ orin gbogbo àgbà tó wà láyìíká rẹ̀, ó ti mọ̀ ọ́n dé ibi tó lè yọ eegun inú rẹ̀. Orúkọ wá ńkọ́? Ó ní pápákọ̀ òfurufú lòun ti rí àwòrán òkè Fuji ti ilẹ̀ Japan lára ògiri, orúkọ náà sì wu òun. Ẹ rò ó wò ná: orin ìjísààrì àwọn ọmọ Yorùbá, tó ń jẹ́ orúkọ òkè tó wà nílẹ̀ Japan. Bí ẹ bá ń wá ohun tó ń jẹ́ "bó ṣe wù mí", òun nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹnì kan kì í jẹ́ àwá dé. Bó bá jẹ́ Barrister nìkan ló kọ ọ́ títí ó fi kú ní London ní oṣù Kejìlá 2010, orin ọkùnrin kan ni a ó máa pè é. Kollington Àyìnlá wá, ó fi bàtá sí i, òun àti Barrister sì gbé e figagbága tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó ń gbọ́ ọ pín sí méjì. (Bàbá mi wà lọ́dọ̀ Kollington. A kò gbọdọ̀ gbé rẹ́kọ́ọ̀dù Barrister wọlé.) Wasiu Àyìndé, tó ti ń gbé ohun èlò orin lẹ́yìn Barrister rí, fi "Barrister" kún orúkọ ara rẹ̀, nígbà tó sì di 1984 ó gbé rẹ́kọ́ọ̀dù Talazo tirẹ̀ jáde. Àwọn Pasuma àti Òṣùpá tẹ̀ lé e. Lónìí, ọmọ tí kò mọ̀ pé wéré wà rí ń fi ohùn fújì kọ orin ìgboro.

Ọ̀nà àbùjá ni. Ẹnì kan gba àárín koríko kọjá lọ́jọ́ kan torí ó ń kánjú. Tí kò bá sẹ́ni tó tún gbabẹ̀, òjò mẹ́ta péré, koríko ti bò ó. Tí àwọn ará àdúgbò bá ń gbà á láàárọ̀ àti lálẹ́, kò ní pẹ́ tí ẹnì kan á fi gbé tábìlì síbẹ̀ máa ta búrẹ́dì. Ìgbà tí ènìyàn lè rìn ín láì mọ ẹni tó kọ́kọ́ gbabẹ̀ ni àrà ti di àṣà. Ọwọ́ tí mo mẹ́nu kàn lókè, tó ń ṣa àṣà, ọwọ́ àwọn tó gbabẹ̀ tẹ̀ lé e ni.

## Kí ló dé tí àrà ẹlòmíràn kò fi tàn?

Inú wéré kan náà ni Dauda Epo-Àkàrà ti Ìbàdàn ti jáde. Òun náà ya tirẹ̀ sọ́tọ̀, ó pè é ní awúrebe. Ẹni tó bá ti gbọ́ ọ rí mọ̀ pé kò fara wé ẹnikẹ́ni: ohùn rẹ̀, òwe rẹ̀, bó ṣe ń fa ọ̀rọ̀ gùn bí ẹni ń fa okùn kànga. Bó bá jẹ́ jíjẹ́ ara ẹni nìkan ló ń gbé àṣà, awúrebe ni à bá máa gbọ́ ní gbogbo òde Ìbàdàn lónìí. Ó ṣì ní olùfẹ́, èmi gan-an ń gbọ́ ọ tí mo bá ń wakọ̀ ọ̀nà jíjìn, ṣùgbọ́n àwọn tó gbé e dání lẹ́yìn rẹ̀ kò tó nǹkan.

Èrò tèmi ni pé awúrebe lẹ̀ mọ́ ẹni tó ni ín jù. Aṣọ tí wọ́n rán mọ́ ènìyàn lára kì í gba ẹlòmíràn. Agbádá ni fújì: ó fẹ̀, ẹni tó sanra wọ̀ ọ́, ẹni tó rù wọ̀ ọ́, ẹni tó bá fẹ́ sì lè ká apá rẹ̀ sókè. Ọmọ ẹ̀yìn lè yọ nínú ẹgbẹ́ ọ̀gá rẹ̀ lọ dá tirẹ̀ sílẹ̀, kí orúkọ orin náà má yí padà. Àwọn tó ń wàásù "jẹ́ ara rẹ" kì í sọ apá yìí fún wa. Bí ohun tí ènìyàn ṣe bá jẹ́ tirẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ó lè dára púpọ̀ kó má sì bímọ.

## Gbogbo ìyípadà ha ni ìtẹ̀síwájú bí?

Rárá. Ẹ jẹ́ ká padà sídìí mọ́ínmọ́ín. Ọ̀rá yá, kò sì ní ká máa wá ewé kiri. Ṣùgbọ́n òórùn ewé eéran tó máa ń wọnú ẹ̀wà ti lọ, ìyá tó ń ta ewé lọ́jà ti wá nǹkan mìíràn tà, ọ̀rá tí a fi sè é sì wà nínú gọ́tà di ìsinsìnyí. Ta ló jèrè? Èmi tí mò ń kánjú lọ síbi iṣẹ́.

Ìbéèrè tí mo máa ń bi ìyípadà kọ̀ọ̀kan nìyẹn: ta ló jèrè, kí la sì pàdánù? Ẹ bi fújì náà. Ó fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ tálákà níṣẹ́, ó sì gbé ọ̀rọ̀ Yorùbá ìgboro lárugẹ. Ó tún sọ kíki olówó di òwò, débi tí olórin mìíràn fi ń pe orúkọ fún ìdajì wákàtí kó tó rántí pé orin lòun ń kọ. Ọ̀rọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi àti ti ẹ̀gbọ́n bàbá mi jọ wà nínú orin kan ṣoṣo.

## Ṣé ó di dandan kí ẹnì kan wà nídìí rẹ̀?

Àwọn àṣà kan wà tí kò ní Barrister. Ẹ wo àdìrẹ ẹlẹ́kọ, aṣọ aró tí wọ́n fi ẹ̀kọ ya àwòrán sí. Nígbà tí aṣọ funfun tó ń dán dé láti òkè òkun lọ́pọ̀ yanturu, ó ṣeé fi ìyẹ́ adìyẹ ya nǹkan sí ju kíjìpá lọ, àwọn obìnrin sì bẹ̀rẹ̀ sí í yà á. Òpó gbọ̀ngàn Mápó, tí wọ́n ṣí ní 1929, bọ́ sínú èyí tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàn Dùn. Àjọ̀dún ọdún 25 tí Ọba George Karùn-ún lò lórí ìtẹ́ ní 1935 bọ́ sínú Júbílì. A mọ orúkọ ọba òyìnbó, a mọ orúkọ gbọ̀ngàn. Ta lobìnrin tó kọ́kọ́ yà á? Aṣọ, ọjà àti ọ̀pọ̀ ọwọ́ ló gbé e.

Ilà ojú tún ju ìyẹn lọ, òun ló ba àlàyé tí mo ti ń tò bọ̀ láti òkè jẹ́ díẹ̀. Pélé, àbàjà, gọ̀ǹbọ́, kẹ́kẹ́: láàárín ìran méjì péré, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀. Òótọ́ ni pé Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 kà á léèwọ̀ láti fabẹ kan ojú ọmọ, ṣùgbọ́n kí òfin náà tó dé, abẹ olóolà ti ń dípẹtà. Kò sẹ́ni tó dárà kankan. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé bàbá kan níbí, ìyá kan lọ́hùn-ún, wo ojú ọmọ tuntun tí wọ́n sì ní rárá. Wọn kò pariwo, wọn kò ṣe fídíò.

Èyí ló mú mi rántí nǹkan kan nípa ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Àbàjà mẹ́fà-mẹ́fà ló wà lójú wọn. Ọmọ márùn-ún ni wọ́n bí, láti 1974 sí 1986. Ojú àwọn márààrún dán bí abọ́ tánganran.

Mo kọ ọ́ sórí WhatsApp ẹbí, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: "Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ní kí wọ́n má kọlà fún àwọn ọmọ yín?"

Wọn kò fèsì fún ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta, ohùn wọn wọlé. Kò gùn lọ́tẹ̀ yìí.

"Èmi ni. Olóolà ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ti fún un lẹ́mu mu. Mo ní kó máa lọ sílé. Ìyá mi kò bá mi sọ̀rọ̀ fún oṣù mẹ́ta."